Ilé Tó Gbà Láti Mì

Orúkọ tí Yorùbá sọ ilé tó bá ga kọjá ààlà ni ilé awòṣífìlà. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì fẹ́ rí ṣóńṣó orí rẹ̀, àfi kó gbé orí sẹ́yìn títí fìlà yóò fi bọ́ sílẹ̀. Orúkọ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan nínú. Ẹni tó ń wo òkè kì í wo ilẹ̀. Ẹni tí fìlà rẹ̀ ń bọ́ nítorí pé ó ń wo orí ilé kò ní ráyè béèrè ohun tí ilé náà dúró lé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn ilé gíga kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Inú ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Taipei, tí í ṣe olú ìlú Taiwan, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Taipei 101. Àjà 101 ló ní lókè ilẹ̀, ó sì tún ní 5 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 508. Láti ọdún 2004 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí Burj Khalifa ní Dubai, kò sí ilé mìíràn tó ga tó o ní gbogbo ayé. Òun náà sì ni ilé àkọ́kọ́ tí gíga rẹ̀ kọjá ìdajì kìlómítà. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa ka àkọsílẹ̀ ohun tó ga jù àti ohun tó tóbi jù lè rò pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí. Ṣùgbọ́n gíga ilé náà nìkan kọ́ ló yẹ kó ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ló yẹ kó yà á lẹ́nu jù.

Erékùṣù ni Taiwan. Ó jókòó sí ibi tí awẹ́ ńlá méjì lára èèpo ayé ti ń kọlu ara wọn. Awẹ́ tí òkun Philippines wà lórí rẹ̀ ń sún wá bá awẹ́ tó gbé Yúróòpù àti Éṣíà dúró, ní ìwọ̀n nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́dọọdún. Sẹ̀ǹtímítà 8 kò ju gígùn ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpáta bá ń ti àpáta láti ọdún dé ọdún, tí kò sí èyí tó fẹ́ yà fún èkejì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan yóò yẹ̀ lójijì. Ọjọ́ náà ni ilẹ̀ máa ń mì. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, tí àwọn àgbà Yorùbá ń kì ní afọkọ́yẹrí, tí gbogbo ẹ̀dá gbára lé pé kì í yẹsẹ̀, yóò wá máa gbọ̀n bí ara alárùn ibà. Bí ilẹ̀ bá sì sinmi, ìjì líle a dé láti ojú òkun, a máa ṣí òrùlé, a máa hú igi, a sì máa mú kí odò kún bo ojú ọ̀nà.

Taipei fúnra rẹ̀ wà nínú àfonífojì tí òkè yí ká bí etí àwo. Amọ̀ rírọ̀ àti iyanrìn ló kún inú àwo náà. Ẹni tó bá ti gbé ògì sínú igbá rí mọ̀ pé bí a bá fọwọ́ gbá etí igbá, ohun tó wà nínú igbá á ṣì máa mì lẹ́yìn tí igbá ti dákẹ́. Bí ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà lè dé inú àfonífojì náà kó le sí i, kó sì pẹ́ sí i. Irú ilẹ̀ yìí ni wọ́n yàn láti gbé ilé tó ga jù lọ láyé lé.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Láti ọdún 1971 tí ìjọba Taiwan ti pàdánù àga rẹ̀ nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó ń bá a ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n lówó lọ́wọ́, gbogbo ayé sì ń ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọn kò pè síbi àpérò àwọn àgbà, tó sì mọ̀ pé òun náà ti tó àgbà, yóò wá ọ̀nà tí wọn yóò fi rí òun. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n pinnu láti kọ́ ilé tí yóò jẹ́ ojúkò ètò ìṣúná ní Taipei, ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Ìgbéraga àti iyì máa ń jọra lójú ẹni tó wà lókèèrè. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni pé ìgbéraga kì í béèrè iye tí nǹkan yóò náni, ṣùgbọ́n iyì a máa béèrè, a sì máa san án.

Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé tí ó ń jẹ́ C. Y. Lee and Partners, ní Taipei, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwòrán tí wọ́n mú wá kò jọ àpótí dígí tí wọ́n gbé dúró, irú èyí tó kún àwọn ìlú ńlá ayé. Ó jọ ọparun. Ìdì 8 ló gun ara wọn lórí, ìdì kọ̀ọ̀kan ní àjà 8, ó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oríkèé ọparun ṣe máa ń tò lérí ara wọn. Lójú àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà, nọ́ńbà oríire ni 8, nítorí pé ìró rẹ̀ sún mọ́ ìró ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí nǹkan ẹni máa gbèrú. Yorùbá náà mọ ọparun dáadáa. Ẹni tó bá gbé lẹ́bàá odò yóò ti rí i bó ṣe ń tẹ̀ nígbà ìjì, tí yóò sì tún na ara rẹ̀ lẹ́yìn ìjì. Igi ńlá tó ní òun kò ní tẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ní ìdùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kì í gbé ilé dúró. Nígbà tí àwọn ayàwòrán parí tiwọn, ó ku àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ Evergreen ní Taiwan àti Thornton Tomasetti ní Amẹ́ríkà ló jọ gbé ìṣirò náà rù. Ìṣòro tó kọ́kọ́ kò wọ́n lójú dà bí àlọ́ àpamọ̀. Ọ̀tá méjì ló ń bọ̀ wá bá ilé náà jà, ohun tí wọn yóò sì fi ṣẹ́gun ọ̀kan ni èkejì yóò fi ṣẹ́gun wọn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kí ilé le gírígírí, nítorí pé bí ilé gíga bá rọ̀ jù, yóò máa fì, òòyì yóò sì máa kọ́ àwọn tó wà lókè. Ìmìtìtì ilẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ kí ilé rọ̀, nítorí pé ilé tó bá le jù kò lè gba ìjà ilẹ̀ mọ́ra. Dípò kó tẹ̀, kíkán ni yóò kán. Báwo ni ohun kan ṣoṣo yóò ṣe le bí òkúta, kó sì tún rọ̀ bí awọ?

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Amọ̀ inú àfonífojì Taipei kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí itọ́ lábẹ́ ilé tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 700,000. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ ihò 380 sábẹ́ ilé náà, wọ́n kó irin àti kọnkéré sínú wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di òpó. Fífẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Wọ́n wọ inú ilẹ̀ lọ títí dé mítà 80, wọ́n la amọ̀ kọjá, wọ́n sì wọnú àpáta tó wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 30. Àlejò tó bá wo ilé náà láti ìta kò ní rí ọ̀kankan nínú wọn láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń yin ẹ̀ka ìrókò kò ṣe ní rántí gbòǹgbò rẹ̀.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n gbé egungun ilé kalẹ̀. Òpó ńláńlá 8 ló dúró yí i ká, méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, òpó kan fẹ̀ ní mítà 3 lọ́nà kan, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.4 lọ́nà kejì. Ẹni méjì lè tẹ́ ẹní sùn nínú àyè tí òpó kan ṣoṣo gbà. Irin ni ara wọn, kọnkéré líle ni wọ́n sì rọ kún inú wọn títí dé àjà 62. Àwọn òpó irin mìíràn wà ní àárín ilé tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn. Láti àárín yìí, apá irin ńláńlá nà jáde ní àjà mẹ́jọ mẹ́jọ, ó lọ di àwọn òpó ẹ̀gbẹ́ mú, bí ẹni tí òòyì ń kọ́ ṣe máa ń na ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú.

Líle tí afẹ́fẹ́ ń béèrè nìyẹn. Rírọ̀ tí ilẹ̀ ń béèrè wà níbòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí irin ìdábùú ti pàdé òpó, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé díẹ̀ kúrò lára irin ìdábùú náà, nítòsí oríkèé, títí tó fi pẹ́lẹ́ńgẹ́ níbẹ̀ bí ìbàdí agbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ èyí yóò béèrè pé irú ọgbọ́n wo ni kí wọ́n máa dín agbára irin kù nínú ilé tí wọ́n fẹ́ kó lágbára. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá mì kọjá ààlà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bí ẹni tó kọ́lé kò bá yan ibi tí yóò ti tẹ̀, ilé yóò yan án fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ oríkèé, níbi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin, ni yóò yàn. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀, sísán ló máa ń sán. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti rí i ní Northridge, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1994, nígbà tí oríkèé ọ̀pọ̀ ilé onírin sán nínú ìmìtìtì ilẹ̀ kan. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ ní California ni wọ́n lò ní Taipei. Àwọn àgbà náà kò sì purọ́ nígbà tí wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko.

Ti afẹ́fẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ilé tó dé ibi tí ìjì yóò ti bá a, wọ́n ti ṣe ère rẹ̀ kékeré, wọ́n sì gbé e lọ sí Kánádà, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ lù ú láti ìhà gbogbo. Wọ́n rí i pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà ń ya afẹ́fẹ́ sí méjì, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń yí bí ààjà lẹ́yìn ilé, tó ń fà á sọ́tùn-ún, tó ń fà á sósì. Wọ́n wá gé igun kọ̀ọ̀kan wọlé ní ìpele méjì, kó dà bí eyín ayùn. Ohun tó dà bí ọ̀ṣọ́ lójú ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ yìí ló dín ipá afẹ́fẹ́ lórí ilé náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Síbẹ̀, ilé tó ga tó mítà 508 kò lè ṣe kó má fì rárá. Láti fì lọ kó sì fì bọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7 ni yóò gbà á. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe so bọ́ọ̀lù irin kan rọ̀ sínú rẹ̀. Láti àjà 92 ni okùn irin rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì rọ̀ dé ìtòsí àjà 87. Bọ́ọ̀lù náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 660, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 5.5. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ibẹ̀, nítorí náà irin pẹlẹbẹ 41 ni wọ́n tò lérí ara wọn, tí wọ́n sì jó pọ̀ lókè níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìwọ̀n okùn rẹ̀ kó lè máa fì ní ìwọ̀n ìgbà kan náà pẹ̀lú ilé. Bí ilé bá fì sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù yìí kì í tètè fẹ́ kúrò níbi tó wà. Ó ń kẹ́yìn, ó sì ń fa ilé padà. Àwọn ọ̀pá olómi tó yí i ká ń gba ipá fífì náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ooru. Ẹni tó bá ti wo ọmọbìnrin tó ru omi láti odò bọ̀ wálé yóò mọ bó ṣe rí. Ẹsẹ̀ ń kọsẹ̀, ara ń mì, ṣùgbọ́n ọrùn ń ṣe tirẹ̀ ní òdìkejì, omi kò sì dànù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù yìí ni kì í jẹ́ kí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ilé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ tún un ṣe ní kíláàsì. Nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, kí ara lè tu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè. Nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ líle, òrùka irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń dá a dúró, kó má baà fì kọjá àyè rẹ̀. Ohun tó ń gba ilé náà là lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun tí ojú kò rí, àwọn òpó inú ilẹ̀ àti irin tí wọ́n gé ní ìbàdí. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ló ń gba ìyìn, àwọn tó farapamọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ní nǹkan bí agogo méjì òru ku ìṣẹ́jú 13, ìmìtìtì ilẹ̀ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.6 ṣẹlẹ̀ ní àárín gbùngbùn Taiwan. Àwọn tó kú lé ní 2,400. Ní Taipei pàápàá, tó jìnnà sí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ilé alájà 12 kan wó lé àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé tó ga jù láyé kò lè ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́. Ilé tí wọ́n ń kọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú irú ìmìtìtì ilẹ̀ tó lè má ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọdún 2,500.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì pé nígbà tí ìdánwò náà dé. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2002. Ilé náà ti ga dé nǹkan bí àjà 56. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lókè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ẹ̀rọ kéréènì tó ń fa irin gòkè sì wà lórí ilé bí ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka. Ilẹ̀ mì. Kéréènì méjì já láti òkè, wọ́n sì wó lulẹ̀ sí ojú pópó. Ènìyàn 5 ló kú.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ ilé náà wò, wọ́n rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Òpó rẹ̀ dúró, oríkèé rẹ̀ kò sán. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Yorùbá a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyàwó ẹni tí kò padà wálé lọ́jọ́ náà. Ìṣirò tó gba ilé là kò gba àwọn tó ń kọ́ ọ là. Ilé ni wọ́n kọ́ fún ọdún 2,500. Kéréènì kì í ṣe ara ilé, ohun ìgbà díẹ̀ ni, tí wọn yóò tú palẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí ìgbà díẹ̀. Ó ní ìyá, ó ní ọmọ, ó sì ní alẹ́ ọjọ́ náà tí ó ti ń rò tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ nípa Taipei 101, tó sọ nípa mítà 508, tó sọ nípa tọ́ọ̀nù 660, tí kò sì sọ nípa ènìyàn 5 yìí, ìdajì ìtàn ló sọ. Gíga tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe àkọ́kọ́ mọ́ láti ọdún 2010, yóò sì máa rẹlẹ̀ sí i bí ilé mìíràn bá ṣe ń dìde. Ikú àwọn márùn-ún kò ní rẹlẹ̀ láéláé. Bóyá ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n máa fi wọn ilé gíga nìyí: kí wọ́n máa béèrè iye mítà tó fi ga, kí wọ́n sì tún máa béèrè iye àwọn tó gun orí rẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ náà dé òpin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n parí òrùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹ̀wàá ọdún kan náà, wọ́n gbé ṣóńṣó orí rẹ̀ dúró, ó sì ga ju ilé Petronas méjèèjì ní Kuala Lumpur lọ, àwọn tí gíga wọn jẹ́ mítà 452. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ń gbé àlejò láti àjà 5 dé àjà 89 láàrin ìṣẹ́jú àáyá 37, ó sì pẹ́ tó fi jẹ́ pé kò sí èyí tó yára tó o láyé.

Kò pẹ́ tí iyèméjì mìíràn tún fi yọjú. Lọ́dún 2005, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ kan ní Taiwan, Lin Cheng-horng, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó ṣàkíyèsí pé ìmìtìtì kéékèèké ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀ àgbègbè náà láti ìgbà tí ilé ti ń ga, ó sì béèrè bóyá ìwúwo ilé náà ló ń ni ilẹ̀ lára. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà, wọ́n ní ohun tó ń fa ìmìtìtì ilẹ̀ jinlẹ̀ ju ibi tí ìwúwo ilé kan lè dé lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú sí ibì kan. Ṣùgbọ́n ó dára pé ẹnì kan béèrè. Ìlú tí wọn kò ti lè béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ilé tó ga jù níbẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rù máa ba àwọn ará ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé òtítọ́ inú ni ìpìlẹ̀ ilé, kí ó wo ìlú Tainan, ní gúúsù Taiwan kan náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń múra fún ọdún tuntun tiwọn, ìmìtìtì ilẹ̀ kan ṣẹlẹ̀. Ilé alájà 17 kan dojú bolẹ̀, ènìyàn 115 ló sì kú nínú rẹ̀. Àwọn tó ń yọ òkú rí agolo òfìfo tí wọ́n kó sínú ògiri rẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán ẹni tó kọ́ ilé náà àti àwọn mìíràn tó lọ́wọ́ sí i lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ọ̀kan jẹ́ àjà 17, èkejì jẹ́ àjà 101. Erékùṣù kan náà ló gbé wọn, àwọn awẹ́ ilẹ̀ kan náà ló sì ń ti ara wọn lábẹ́ wọn. Gíga kọ́ ló pa àwọn ará Tainan. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n fi ṣeré, níbi tí wọ́n rò pé ojú kò ní tó, ló pa wọ́n.

Taipei 101 ṣì ń fì títí di òní. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, nígbà tí ìjì Soudelor jà, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ fì tó mítà kan, ìwọ̀n tí kò tíì fì tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Ilé náà dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì, tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ mì nítòsí Hualien ní ìlà-oòrùn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.4, láti ọdún 1999 wọn kò sì tíì rí èyí tó le tó o. Àwọn ilé kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Hualien, òkúta já láti orí òkè, ó kéré tán ènìyàn 18 ló kú. Ní Taipei, ilé gíga náà mì, ó sì tún dúró ṣánṣán. Ẹni tó kà á sí iṣẹ́ ìyanu kò tíì gbọ́ nípa òpó 380 àti irin tí wọ́n gé ní ìbàdí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ni ilé náà ṣe, tó yẹ kí wọ́n yìn wọ́n fún. Ní ọ̀pọ̀ ilé gíga láyé, inú iyàrá títì ni wọ́n máa ń fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, bí ẹni tó ń tijú pé ilé òun ń mì. Ní Taipei, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọ́n ṣí àyè sílẹ̀ yí i ká, wọ́n sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé gòkè wá wò ó. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di ọmọláńgidi tí àwọn ọmọdé ń rà lọ sílé. Ọmọ tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé: pé ilé tó ga jù nílùú òun ń mì, pé àwọn àgbà mọ̀ pé ó ń mì, àti pé wọ́n ti múra sílẹ̀ dè é.

Bí ọmọ náà bá sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ìta, tó gbójú sókè títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ mú fìlà náà nílẹ̀. Kí ó tó dìde, kí ó fọwọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni òpó 380 wà nínú òkùnkùn, tí wọ́n di àpáta mú. Lórí ilẹ̀ yẹn kan náà ni kéréènì méjì wó lé lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹta, nígbà tí ènìyàn márùn-ún kò padà sílé.